Èéfín ojú títì àti lẹ́tà G tó wà nínú ara wa

Ní agogo méje àárọ̀, oríta Ouando ní Àjàṣẹ́ ti kún fún ariwo. Àwọn zémíjàn tò sí etí títì, wọ́n ń retí èrò. Ní ẹ̀gbẹ́ wọn, àwọn tí ń ta ẹ̀sáǹsì kpayo ti to ìgò wọn sórí tábìlì, ohun tó wà nínú ìgò náà sì ń dán bí oyin lábẹ́ oòrùn. Alùpùpù kan gbéra, èéfín dúdú tú jáde, ó bo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan wúkọ́, ó fi ọwọ́ nu ojú, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ tó ń sọ lọ. Èéfín kì í ṣe àjèjì ní oríta yìí. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń sọ pé bí èéfín bá ń pa ènìyàn ni, kì bá tí sí zémíjàn kankan láyé mọ́.

Òótọ́ ni pé èéfín kì í pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀ bí ìjàǹbá ọkọ̀ ṣe ń pa á. Iṣẹ́ tirẹ̀ pamọ́, ó sì lọ́ra. Ní ọdún 2005, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ láti Yunifásítì Abomey-Calavi, tí Patrice Avogbé àti Ambaliou Sanni wà lára wọn, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, gbé ìwádìí kan jáde tó tọpa iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ yẹn dé inú ẹ̀jẹ̀. Ìlú Kútọnù, tí ó tó nǹkan bí 30 kìlómítà sí Àjàṣẹ́, ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ lọ́wọ́ àwọn zémíjàn, lọ́wọ́ àwọn tí ilé wọn wà létí títì ńlá, lọ́wọ́ àwọn tí ń gbé ní ẹ̀yìn ìlú, àti lọ́wọ́ àwọn ará abúlé. Àrùn kọ́ ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ náà. Lẹ́tà ni wọ́n ń wá, lẹ́tà tó ti bàjẹ́.

Ó lè ya ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé lẹ́nu láti gbọ́ pé ìwé kan wà nínú ara òun láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun. Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Ara ènìyàn jẹ́ àkójọpọ̀ ẹyọ kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí a ká jọ ní ègé 46. Okùn náà ni ADN. Bí a bá tú ègé inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, tí a sì so wọ́n pọ̀, gígùn wọn yóò tó nǹkan bí mítà 2, èyí tó ga ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Lórí okùn yìí ni ìlànà gbogbo iṣẹ́ ara wà: bí ẹ̀jẹ̀ yóò ṣe rí, bí egbò yóò ṣe jiná, ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì yóò pín sí méjì àti ìgbà tí yóò dẹ́kun pípín.

Lẹ́tà tí a fi kọ ìwé yìí kò ju 4 lọ: A, T, G àti C. Ẹni tó ti jókòó ní kíláàsì àgbàlagbà, tó ti bá gb, ẹ, ọ àti àmì ohùn jìjàkadì fún ọ̀pọ̀ oṣù, lè rò pé ìwé onílẹ́tà 4 yóò rọrùn láti kà. Ṣùgbọ́n lẹ́tà wọ̀nyí tò tẹ̀ léra títí wọ́n fi tó nǹkan bí bílíọ̀nù 3. Okùn náà sì jẹ́ méjì tó lọ́ mọ́ra: níbi tí A bá wà ní apá kan, T ni yóò kọjú sí i ní apá kejì, níbi tí G bá wà, C ni yóò kọjú sí i. James Watson àti Francis Crick ló ṣàlàyé ìrísí yìí ní ọdún 1953, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ iṣẹ́ tí obìnrin onímọ̀ kan, Rosalind Franklin, ti ṣe. Nítorí pé apá kan máa ń sọ ohun tó yẹ kó wà ní apá kejì, sẹ́ẹ̀lì lè da ìwé náà kọ nígbà tó bá fẹ́ pín sí méjì.

Àṣìkọ lẹ́tà kan ṣoṣo lè yí ọ̀rọ̀ padà. Ẹ kọ “ó kọ́ ilé” sórí pátákó, kí ẹ sì pa àmì kékeré abẹ́ ọ nínú “kọ́” rẹ́. Yóò di “ó kó ilé”. Ẹni tó jẹ́ onílé tẹ́lẹ̀ ti di olè. Bákan náà ni ó rí nínú ADN. Ọ̀pọ̀ àṣìkọ kì í ṣe nǹkan kan, nítorí wọ́n bọ́ sí ibi tí kò ní ìtumọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sí ibi tí a kọ ọ́ sí pé kí sẹ́ẹ̀lì dẹ́kun pípín, sẹ́ẹ̀lì náà lè máa pín láìdúró. Ọ̀nà kan nìyẹn tí àrùn jẹjẹrẹ ń gbà bẹ̀rẹ̀.

Kí ló ń ba lẹ́tà jẹ́? Ohun púpọ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe é jù lọ ni ọ́ksíjìn, ìyẹn apá afẹ́fẹ́ tí a kò lè ṣe aláìmí fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ohun tó ń mú wa wà láàyè náà ló ń mú àdá dógùn-ún. Òun ló ń mú kí iṣu tí a bó tí a kò tètè sè dúdú, òun náà ló sì ń mú kí òróró tó ti pẹ́ nínú ìgò máa rùn. Iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe ní gbogbo ibẹ̀. Gbogbo nǹkan tó wà láyé ní ẹyọ tíńtínní kan nínú tí à ń pè ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ọ́ksíjìn fẹ́ràn láti gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ohun mìíràn. Ohun tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kì í jẹ́ bí ó ti wà mọ́.

Nínú ara, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń lo oúnjẹ, díẹ̀ nínú ọ́ksíjìn tí a mí sínú máa ń di oríṣi kan tí kò ní ìsinmi. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ kò pé, nítorí náà ó ń sáré kiri, ó sì ń já a gbà lọ́wọ́ ohunkóhun tó bá kàn. Èyí ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ènìyàn, àní sí ọmọ ọwọ́ tó ń gbé ní abúlé tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí èéfín ọkọ̀ bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá àwọn eruku rẹ̀ tó kéré débi pé wọ́n lè bá ẹ̀jẹ̀ lọ, oríṣi ọ́ksíjìn yìí á pọ̀ sí i. Béńsíìnì, tó wà nínú ẹ̀sáǹsì, tí imú máa ń gbọ́ òórùn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń da kpayo láti inú ìgò sínú táǹkì, ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ara bá ń gbìyànjú láti tú u ká.

Nínú lẹ́tà 4 inú ADN, G ló tètè ń jọ̀wọ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ jù lọ. Bí a bá ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ọ́ksíjìn lè lẹ̀ mọ́ ọn, kí ó sì di nǹkan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní 8-oxo-G. Hiroshi Kasai àti Susumu Nishimura, tí wọ́n jẹ́ ará Jàpáánù, ló kọ́kọ́ fi í hàn ní ọdún 1984. A lè pè é ní G tó dógùn-ún. Wàhálà tó wà nínú rẹ̀ ni pé ó ń tan òǹkàwé jẹ. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń da ADN kọ, C ni ó yẹ kó fi kọjú sí G. Ṣùgbọ́n G tó dógùn-ún lè jọ T lójú rẹ̀, nítorí náà ó lè fi A kọjú sí i. Nígbà tí wọ́n bá tún un kọ lẹ́ẹ̀kejì, T ni yóò kọjú sí A yẹn. Báyìí ni G ṣe di T, tí kò sì ní padà mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ìrètí nù níbí, nítorí sẹ́ẹ̀lì kò fi ọwọ́ lẹ́rán. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tún ìwé ṣe. Ọ̀kan nínú wọn, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ OGG1, ń rìn lórí okùn náà, bí ó bá rí G tó dógùn-ún, á yọ ọ́ kúrò, àwọn mìíràn á sì fi G tuntun dí àyè rẹ̀. Òmíràn, MUTYH, ń yọ A tí wọ́n bá ti fi ṣàṣìṣe kọjú sí i. Lójoojúmọ́, nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, irú àtúnṣe yìí lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ní ọdún 2015, ẹ̀bùn Nobel fún ìmọ̀ kẹ́mísìrì bọ́ sọ́wọ́ Tomas Lindahl, Paul Modrich àti Aziz Sancar, nítorí pé wọ́n ṣàlàyé bí ara ṣe ń tún ADN ṣe. Ibi tí ewu wà ni pé kí ìbàjẹ́ máa yára ju àtúnṣe lọ, tàbí kí ó bọ́ sí ibi tí òṣìṣẹ́ kò tètè dé.

Ibi wo wá ni ìbàjẹ́ máa ń bọ́ sí? G pọ̀ lórí okùn náà bí iyanrìn. Fún ìgbà pípẹ́, ó rọrùn láti rò pé G tí ọ́ksíjìn bá kọ́kọ́ bá pàdé ni yóò bàjẹ́, bí òkúta tí ọmọdé sọ sáàárín ọjà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sọ Yorùbá sì ní ohun tó lè fi lóye rẹ̀ ní ẹnu ara rẹ̀.

Nígbà tí a bá ń yára sọ “ra ilé”, a máa ń sọ pé “ralé”. Lẹ́tà i ti lọ, a sì dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá sọ “ra ẹja”, “rẹja” ló ń jáde lẹ́nu. Níbí, a ni ó lọ. Lẹ́tà a kan náà ni, nínú ọ̀rọ̀ “ra” kan náà. Ohun tó mú un dúró ní ibì kan, tó sì mú un ṣubú ní ibì kejì, ni lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀ràn G. Ní ọdún 1995, Isao Saito àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Kyoto ní Jàpáánù fi hàn pé G tó bá dá dúró láàárín àwọn lẹ́tà mìíràn kì í tètè jọ̀wọ́ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ tó G tí G ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé. Nínú GG, èyí àkọ́kọ́, ní ọ̀nà tí a gbà ń ka okùn náà, ló máa ń bàjẹ́ jù. Bí G bá di 3 tí wọ́n tò tẹ̀ léra, ó tún rọrùn sí i láti já a gbà. Ìdí rẹ̀ ni pé lẹ́tà inú ADN kò jìnnà síra. Wọ́n tò léra bí àwo tí ìyá olóúnjẹ tò sínú agbọ̀n, ọ̀kan fara kan èkejì, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wọn sì ń ní ipa lórí ara wọn. Nígbà tí G méjì bá fara tira, èyí àkọ́kọ́ kò lè di ohun ìní rẹ̀ mú mọ́ bí ó ti yẹ.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 1996, obìnrin onímọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, Jacqueline Barton, pẹ̀lú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, rí ohun tó tilẹ̀ yani lẹ́nu jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n so èròjà kan mọ́ ìparí ègé ADN kúkúrú, èròjà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tan ìmọ́lẹ̀ sí i, ó lè já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà. Wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ìbàjẹ́ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ṣẹlẹ̀ níbi tí èròjà náà wà. Ọ̀nà jíjìn lórí okùn náà ni wọ́n ti rí i, níbi tí G méjì ti tẹ̀ léra.

Ẹni tó bá mọ òpópónà Àjàṣẹ́ ní àsìkò òjò yóò lóye èyí láìpẹ́. Omi kì í dúró síbi tí òjò ti rọ̀. Ó ń ṣàn lọ títí yóò fi dé kòtò, ibẹ̀ ni yóò sì dá ọ̀gọ̀dọ̀ sí. Àyè tó ṣófo nígbà tí wọ́n já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà ń rìn bẹ́ẹ̀ láti lẹ́tà kan dé èkejì. Lẹ́tà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ a gbà lọ́wọ́ ìkejì rẹ̀, ìyẹn náà a gbà lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ lé e, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ GG tí kò lè gbà padà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kòtò ni GG. Ìparí ègé ADN kọ̀ọ̀kan tilẹ̀ kún fún irú kòtò bẹ́ẹ̀, nítorí pé lẹ́tà 6 kan, TTAGGG, ni a tún kọ níbẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra díẹ̀ níbí. Inú ife ni wọ́n ti ṣe àwọn ìdánwò wọ̀nyí, pẹ̀lú ègé ADN kúkúrú. Nínú sẹ́ẹ̀lì alààyè, okùn náà ká mọ́ ohun mìíràn bí òwú ṣe ń ká mọ́ kẹ̀kẹ́ ìrànwú, àwọn ibì kan pamọ́, àwọn ibì kan ṣí sílẹ̀, òṣìṣẹ́ àtúnṣe sì máa ń yára dé ibì kan ju ibòmíràn lọ. Aládùúgbò lẹ́tà kọ́ ló ń pinnu ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ ọ̀rọ̀ ìbàjẹ́ ADN lónìí láìmẹ́nu ba aládùúgbò.

Báwo ni àwọn ará Abomey-Calavi ṣe rí lẹ́tà tó bàjẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ zémíjàn? Ọ̀nà tí wọ́n gbà dára púpọ̀, ó sì tọ́ kí a sọ ọ́. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n lò, nítorí sẹ́ẹ̀lì pupa kò ní ADN nínú. Wọ́n tẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí sínú nǹkan tó dì bí ẹ̀kọ tútù lórí gíláàsì pẹlẹbẹ, wọ́n fọ ara wọn kúrò títí ó fi ku ADN nìkan, wọ́n sì jẹ́ kí iná mànàmáná gba ibẹ̀ kọjá. Iná náà ń fa ADN sí apá kan. Èyí tí kò já kò lè rìn, ó wà lójú kan bí ìṣù òwú. Èyí tó já ń nà jáde lẹ́yìn rẹ̀ bí ìrù. Nígbà tí wọ́n bá wò ó pẹ̀lú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, ó ń jọ ìràwọ̀ oníìrù tó ń kọjá lójú ọ̀run. Bí ìrù bá ṣe tóbi tó ni ìbàjẹ́ ṣe pọ̀ tó.

Ṣùgbọ́n ìrù nìkan kò lè sọ bóyá G ló dógùn-ún. Nítorí náà wọ́n tún fi òṣìṣẹ́ kan kún un, tí wọ́n mú wá láti ara kòkòrò àìfojúrí. FPG ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tí FPG mọ̀ ni láti gé okùn ADN níbi tó bá ti rí irú G tó dógùn-ún. Bí ìrù bá gùn sí i lẹ́yìn tí FPG ti ṣiṣẹ́, a jẹ́ pé G tó dógùn-ún wà níbẹ̀, a sì lè mọ iye rẹ̀.

Ohun tí wọ́n rí tò bí àtẹ̀gùn. Àwọn ará abúlé ló wà nísàlẹ̀. Àwọn tí ń gbé ní ẹ̀yìn ìlú tẹ̀ lé wọn, lẹ́yìn náà àwọn tí ilé wọn wà létí títì ńlá. Àwọn zémíjàn ló wà lókè pátápátá. Ohun tí wọ́n rí nínú ìtọ̀, ìyẹn àjẹkù béńsíìnì tí ara ń dà nù, tò ní ọ̀nà kan náà. Èyí já sí pé ẹni tí kò gun alùpùpù rí, tó kàn ń dín àkàrà tàbí tó ń ránṣọ létí títì ńlá, ń gba ìpín tirẹ̀ nínú ìbàjẹ́ náà.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ èyí kó sì rò pé gbogbo zémíjàn ni yóò ní àrùn jẹjẹrẹ. Ìwádìí náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà tó bàjẹ́ kì í ṣe àrùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ó tún ṣe kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ìdánwò náà tún ní ààlà: ó ń ka iye G tó bàjẹ́, kò sọ ojú ewé tí wọ́n wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2013, àjọ àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé, kéde pé afẹ́fẹ́ ìta tó ti di eléèérí wà lára ohun tó dájú pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Béńsíìnì ti wà nínú ìwé wọn kí ìyẹn tó dé.

Níbi tí wọ́n ti lè ka ojú ewé náà gan-an, ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa yìí, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni. Nígbà tí àgbàdo tàbí ẹ̀pà bá bu, olú wínníwínní kan tó hù sí i lè ṣe májèlé tí à ń pè ní aflatoxin. Májèlé yìí kì í ṣe ọ́ksíjìn fúnra rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń fi ọ́ksíjìn kún un, nígbà tó ń gbìyànjú láti dà á nù, èyí tí ọ́ksíjìn ti kún yìí ló sì ń lẹ̀ mọ́ G. Iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ tó yẹ kó gbani là ló di ohun tó ń pani lára.

Apá kan wà nínú ADN tí àwọn onímọ̀ ń pè ní TP53. Ó dà bí ọlọ́dẹ: òun ló ń dá sẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́ dúró kí ó má baà máa pọ̀. Lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta ni sẹ́ẹ̀lì ń ka ìlànà rẹ̀, bí ẹni tó ń ka sílébù. Sílébù 249 nínú rẹ̀ ni AGG. G méjì tó tẹ̀ léra nìyẹn. Ní ọdún 1991, ẹgbẹ́ méjì tó ń ṣe ìwádìí lórí jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀, ọ̀kan lórí àwọn aláìsàn ní ilẹ̀ Ṣáínà, èkejì lórí àwọn aláìsàn ní gúúsù Áfíríkà, rí i pé ní ibi tí aflatoxin ti pọ̀ nínú oúnjẹ, G tó kẹ́yìn nínú sílébù yìí gan-an ló sábà máa ń di T. AGG di AGT. Ní ọdún 2000, wọ́n gbé e jáde pé wọ́n rí àṣìkọ kan náà nínú omi ẹ̀jẹ̀ àwọn tí àrùn yìí ń ṣe ní Gáńbíà, láìjẹ́ pé wọ́n fi ọ̀bẹ kan ẹ̀dọ̀ wọn. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ní àṣìkọ yìí tún máa ń pọ̀ ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí pé ọlọ́dẹ rẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ìdí méjì ló papọ̀: ibẹ̀ rọrùn láti bà jẹ́, ìbàjẹ́ ibẹ̀ sì ń mú sẹ́ẹ̀lì náà gbèrú.

Èyí ni ìwúlò mímọ̀ pé aládùúgbò lẹ́tà ń darí ìbàjẹ́. Bí ìbàjẹ́ bá ń ṣubú níbi gbogbo bí òjò, kò ní sí ẹni tó lè mọ ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n nítorí pé ohun kọ̀ọ̀kan tó ń ba ADN jẹ́ ní ibi tó fẹ́ràn, ó ń fi ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sílẹ̀. Dókítà lè wo àṣìkọ, kó sì sọ pé àgbàdo bíbu ló ṣe èyí, tàbí pé sìgá ló ṣe ìyẹn. Nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí ń mu sìgá, G tó di T pọ̀ gan-an ju ti àwọn tí kò mu ún lọ. Ilé iṣẹ́ tó bá ń sọ pé èéfín òun kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan lè bá ẹ̀rí pàdé níbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ àgbàdo yìí kò jìnnà sí wa rárá. Ní ọdún 2002, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọdé ní abúlé 16 ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, láti ọmọ oṣù 9 títí dé ọmọ ọdún 5. Wọ́n rí àmì aflatoxin nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ 99 nínú 100. Àwọn tó ní i jù ni àwọn tí wọ́n ti gbà lẹ́nu ọmú, tí wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ àgbàdo. Sísè kò pa májèlé yìí, lílọ̀ kò sì yọ ọ́ kúrò. Ohun tó ń dín in kù ni kí a tètè sá àgbàdo sórí ohun tó mọ́ kì í ṣe sórí ilẹ̀ tútù, kí a tọ́jú rẹ̀ síbi tí omi kò lè dé, kí a sì ṣa hóró tó bu tàbí tó yí àwọ̀ kúrò kí a tó gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Kí a má fún adìẹ tí a ó jẹ ní èyí tí a ṣà kúrò. Àrùn ẹ̀dọ̀ tí à ń pè ní hépatite B tún máa ń mú kí ewu aflatoxin le sí i lọ́nà púpọ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ sì wà lára èyí tí a ń fún ọmọ ọwọ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.

Fún àwọn tó wà ní oríta, ohun tí ẹnì kan lè dá ṣe kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí a fi bo imú ń dá iyanrìn dúró, ṣùgbọ́n eruku èéfín tó kéré jù lọ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Títún ẹ̀rọ alùpùpù ṣe lóòrèkóòrè ń dín èéfín kù. Àwọn tí ń fi ẹnu fa ẹ̀sáǹsì nínú rọ́bà láti inú gálọ́ọ̀nù ń gba béńsíìnì ní ọ̀nà tó burú jù, wọ́n sì lè fi ẹ̀rọ afàsókè kékeré olówó pọ́ọ́kú ṣe iṣẹ́ kan náà. Èyí tó kù wà lọ́wọ́ àwọn tó ń pinnu irú ẹ̀sáǹsì tí yóò wọ ìlú, irú alùpùpù tí yóò rìn, àti ibi tí ilé ẹ̀kọ́ àti ọjà yóò wà sí títì ńlá. Alùpùpù tí ń lo iná mànàmáná, tí kì í tú èéfín rárá, ti ń hàn ní Kútọnù láti ọdún mélòó kan.

Iye G tó dógùn-ún tí wọ́n kà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn zémíjàn ní ọjọ́ yẹn jẹ́ ohun tó ṣẹ́kù láàárín ìbàjẹ́ àti àtúnṣe. OGG1 àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò sinmi ní òru. Ní agogo méjì òru, nígbà tí Ouando bá ti dákẹ́ tí alùpùpù sì wà nílẹ̀, wọ́n ṣì ń rìn lórí okùn náà, wọ́n ń yọ G tó dógùn-ún, wọ́n ń fi tuntun sí i, títí di agogo márùn-ún tí ẹni àkọ́kọ́ yóò tún ṣí ìgò ẹ̀sáǹsì.